Apá M33 kò hàn nínú àwòrán mi: ṣé kí n jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí pẹ́ sí i ni, àbí kí n ra awò ńlá?

Awòràwọ̀ Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ fẹ́ràn ojú ọ̀run. Ó di ọdún kejì báyìí tí mo ti ń ya àwòrán lóru, ṣùgbọ́n òṣùpá àti Milky Way nìkan ni mo ń yà títí di òpin oṣù Ọ̀wàrà tó kọjá yìí, nígbà tí mo pinnu pé n ó gbìyànjú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ mìíràn tí ó jìnnà pátápátá sí tiwa. M33, tí wọ́n tún ń pè ní Triangulum, ni mo yàn. Mo ti kà á pé ó wà lára àwọn tí ó sún mọ́ wa jù lọ, pé nǹkan bí mílíọ̀nù 2.7 ọdún ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àti pé àyè tí ó gbà lójú ọ̀run fẹ̀ ju ti òṣùpá àrànmọ́jú lọ. Mo rò pé ohun tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣòro yà. Ó ṣòro gan-an.

Ohun tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni kámẹ́rà Canon àtijọ́ kan tí ó ní mílíọ̀nù 18 píksẹ́lì, lẹ́ńsì 200mm tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí dé f/2.8 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ tí ń wọlé ṣe ń pọ̀ tó), ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó dúró dáadáa, àti ẹ̀rọ kékeré tí ń yí kámẹ́rà tẹ̀ lé àwọn ìràwọ̀ bí ilẹ̀ ayé ṣe ń yí. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí oko bàbá mi ní ẹ̀yìn ìlú Ìṣẹ́yìn, ní alẹ́ tí òṣùpá kò yọ. Àbúrò mi bá mi lọ, a sì ti kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ abúlé náà, a sọ fún àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò pẹ̀lú, kí wọ́n má baà rí iná pupa wa nínú òkùnkùn kí wọ́n sì fura sí wa. Àwòrán 12 ni mo yà, ìṣẹ́jú 5 ni mo fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ISO (ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí ó gbà ga) jẹ́ 3200. Wákàtí 1 ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ tí a bá rò ó pọ̀.

Nígbà tí mo ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà, àwọn ìràwọ̀ ti fà gùn bí hóró ìrẹsì, ojú ọ̀run pọ́n rẹ́súrẹ́sú, M33 fúnra rẹ̀ kò sì ju àbàwọ́n eérú kan lọ láàárín gbogbo rẹ̀. Apá rẹ̀ tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, tí mo ń rí nínú àwòrán àwọn ẹlòmíràn, kò sí níbẹ̀. Ohun tí ó bo ibẹ̀ ni àwọn èérún wẹ́wẹ́ bí iyanrìn, èyí tí àwọn ayàwòrán ń pè ní nọ́ìsì.

Ọ̀nà méjì ni mo ń rò. Èkíní ni pé kí n jẹ́ kí ojú kámẹ́rà ṣí fún 20 ìṣẹ́jú tàbí 30 lórí àwòrán kan ṣoṣo. Èkejì ni pé ẹnì kan ń ta awò awọ̀nàjíjìn onídígí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 8 ní Èkó, mo sì lè rí owó rẹ̀ kó jọ bí mo bá fi oṣù mẹ́rin tọ́jú owó. Owó náà kò ní àrọ́pò, ìdí nìyí tí mo fi ń béèrè kí n tó ná an. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ pé n kò rí Polaris, ìràwọ̀ òpó àríwá, rárá. Igi àti ìkùukùu tí ó wà nísàlẹ̀ bò ó. Kọ́ńpáàsì inú fóònù ni mo fi dojú ẹ̀rọ náà kọ àríwá.

Olùkọ́ Físíìsì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, àbúrò mi. Inú mi dùn sí i pé ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ lò sílẹ̀, nítorí pé àwọn nọ́ńbà tí ẹ kọ ni ó fi ibi tí àṣìṣe wà hàn. Ẹ má tíì ra awò náà, ẹ má sì fi 20 ìṣẹ́jú sí àwòrán kan.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí M33 fúnra rẹ̀. Nínú ìwé, wọn a kọ ọ́ pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 5.7, èyí tí ó jẹ́ ti ìràwọ̀ tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí, àwọn tí ó bá sì ka èyí a máa rò pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yẹn ni ti gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bí a bá kó o jọ sí ojú kan ṣoṣo. Ní tòótọ́, ó fọ́n káàkiri àyè tí ó gùn ju dígírì 1 lọ. Bí a bá da ṣíbí epo kan sínú ìkòkò omi ńlá, epo náà kò dín, síbẹ̀ kò sí ibi tí ojú ti lè rí i pé omi náà pọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni M33 ṣe rí. Nínú àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí àwa tí a ń yà á fún ìfẹ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú, òun ni ó ń já ènìyàn kulẹ̀ jù, nítorí pé àárín rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ bí ti Andromeda, ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ńlá mìíràn tí ó sún mọ́ wa.

Ṣé awò ńlá yóò yanjú rẹ̀? Ẹ wò ó báyìí. Ojú píksẹ́lì kámẹ́rà yín fẹ̀ tó nǹkan bí máíkírọ́nù 4.3, lẹ́ńsì 200mm yín sì ń mú kí píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan bo àyè tí ó tó 4.4 nínú ìdá 3600 dígírì kan. Bí M33 ṣe gùn tó dígírì 1 àti díẹ̀ yìí, yóò gbà tó píksẹ́lì 950 nínú àwòrán yín láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó ti tóbi tó. Àwọn awò onídígí ínǹṣì 8 tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ f/5; ìmọ́lẹ̀ tí ohun tí ó fọ́n káàkiri báyìí ń dà sórí píksẹ́lì kan ní f/5 kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí ó ń dà sórí rẹ̀ ní f/2.8 tí ẹ ní lọ. Ẹ̀rọ kékeré yín kò sì lè gbé awò bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ ó tún ra ẹ̀rọ mìíràn tí owó rẹ̀ lè ju ti awò lọ.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí àkókò, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí. Ìmọ́lẹ̀ kì í wọlé bí omi ẹ̀rọ tí ń ṣàn geere. Ẹyọ ẹyọ ni ó ń dé, láìsí ètò, bí ẹ̀kán òjò lórí páánù. Bí ẹ bá gbé abọ́ méjì tí ó dọ́gba síta nígbà tí òjò ń wẹ̀ẹ́, ẹ̀kán tí ó bọ́ sínú wọn kò ní dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀kán 100 ni ó yẹ kí ó bọ́ sínú abọ́ kan, ó lè lé tàbí kí ó dín ní nǹkan bí 10, èyí tí ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ 10,000, yóò fi nǹkan bí 100 lé tàbí dín, èyí kò sì ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àìdọ́gba yìí ni iyanrìn tí ẹ rí. Kì í ṣe pé kámẹ́rà yín bàjẹ́. Ẹ̀kán tí ẹ gbà ni kò tíì pọ̀. Bí ẹ bá sọ wákàtí 1 di wákàtí 4, àwòrán yín yóò mọ́ ní ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 9, yóò mọ́ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ ó wá béèrè pé kí ló dé tí n kò fi gbà kí ẹ ṣí i pẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ó jẹ́ pé àkókò ni a ń wá. Ìdí ni pé àpapọ̀ ni ó ṣe pàtàkì, kì í ṣe gígùn ẹyọ kan. Nígbàkígbà tí kámẹ́rà bá ka àwòrán kan, ó máa ń fi nọ́ìsì díẹ̀ tirẹ̀ kún un. Àmọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ bá ti pọ̀ tó láti bo ti kámẹ́rà mọ́lẹ̀, kò sí èrè kankan mọ́ nínú kí a fi kún gígùn ẹyọ kan. Ní f/2.8, lábẹ́ ọ̀run bíi ti Ìṣẹ́yìn, ẹ ti débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 1 sí 2. Ẹ wo àtẹ tí kámẹ́rà fi ń ṣàfihàn ìmọ́lẹ̀: bí òkè rẹ̀ bá ti kúrò lápá òsì pátápátá, tí ó dé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ó tó. Lẹ́yìn èyí, bí ọkọ̀ òfúrufú bá kọjá, ẹyọ àwòrán ìṣẹ́jú kan ni ẹ ó sọ nù, kì í ṣe ti 30 ìṣẹ́jú. Nítorí náà, ìṣẹ́jú 1 àti ààbọ̀ tàbí kí ó dín díẹ̀, ISO 800 dípò 3200 kí àwọ̀ àwọn ìràwọ̀ má baà fọ́ sí funfun, RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) nìkan, kí ẹ sì yà á ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ètò kọ̀ǹpútà DeepSkyStacker tàbí Siril yóò tò wọ́n lé ara wọn. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Kí ẹ má sì ṣe fi ojú àwòrán kan ṣoṣo dájọ́. Ohun tí ẹ ń wá wà nínú òkùnkùn àwòrán náà, ní àárín dúdú àti eérú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, kò sì lè hàn àfi tí ẹ bá ti tò wọ́n jọ tí ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ apá ìsàlẹ̀ yẹn sókè. Ó ṣeé ṣe kí apá M33 ti wà nínú wákàtí 1 tí ẹ yà. Ní ọdún 1888, Isaac Roberts, tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, fi gíláàsì tí a fi oògùn àwòrán kùn gba ìmọ́lẹ̀ Andromeda nítòsí Liverpool, fún ìgbà àkọ́kọ́ sì ni apá rẹ̀ tí ó lọ́ yípo bí òrùka hàn fún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n ti ń fi ojú wò ó nínú awò ńlá kò rí i. Ojú ènìyàn kì í tọ́jú ìmọ́lẹ̀ pa mọ́. Àwòrán ń tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Polaris gùn, n ó padà wá sórí rẹ̀ lálẹ́.

Aláwòrán Òru, Northumberland

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́. Mo fọwọ́ sí gbogbo ohun tí ẹ sọ, pàápàá ti awò, nítorí pé èmi ra awò ńlá ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, inú àpótí ni ó sì wà fún ọdún méjì.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń ya tèmi. Láàárín ìlú Leeds ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo kó lọ sí àríwá, sí ìtòsí ọgbà Northumberland tí a yà sọ́tọ̀ fún òkùnkùn ojú ọ̀run láti ọdún 2013. Ohun tí mo kọ́ nínú ìṣípòpadà yẹn ni mo fẹ́ kí àbúrò wa gbọ́. Láàárín ìlú ńlá, ojú ọ̀run lè mọ́lẹ̀ ju ti inú igbó lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 25, kí àwòrán ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí kò mọ́lẹ̀ sì tó mọ́ bákan náà, àkókò tí ẹ máa lò ní ìlú máa tó ìlọ́po 25 ti inú igbó. Wákàtí 2 ní oko bàbá yín, wákàtí 50 ní àárín ìgboro. Kò sí lẹ́ńsì tàbí awò tí owó lè rà tí yóò fún yín ní irú èrè yìí. Bí oko mìíràn bá wà tí ó tún jìnnà sí iná ìlú, owó epo ọkọ̀ ni kí ẹ ná, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹnì kan yóò sọ fún yín láìpẹ́ pé kí ẹ ra gíláàsì aṣẹ́mọ́lẹ̀ tí ń dí iná ìlú. Fún ìkùukùu gáàsì nínú Milky Way wa, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí pé gáàsì ń tàn ní ìwọ̀nba àwọ̀ díẹ̀ péré, a sì lè dí gbogbo èyí tí ó kù. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ jẹ́ àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ àìmọye ìràwọ̀, gbogbo àwọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, gílóòbù LED òde òní náà sì ń tan gbogbo àwọ̀. Bí ẹ bá dí ọ̀kan, ẹ ti dí èkejì. Ní ọdún 2023, àwọn ayàwòrán mẹ́ta tí kì í ṣe iṣẹ́ yunifásítì ni wọ́n ń ṣe, Marcel Drechsler, Xavier Strottner àti Yann Sainty, kéde pé àwọn rí ìlà ìmọ́lẹ̀ ọ́síjìn ńlá kan lẹ́bàá Andromeda tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ wà lára ibi tí a ti ya àwòrán jù lọ lójú ọ̀run. Wọ́n lo gíláàsì tí kò gba nǹkan mìíràn kọjá àfi àwọ̀ ọ́síjìn yẹn, wọ́n sì kó àwòrán tí ó ju 100 wákàtí lọ jọ. Gáàsì ni wọ́n ń wá, ìdí nìyí tí gíláàsì fi wúlò. Apá M33 tí ẹ̀yin ń wá jẹ́ ìràwọ̀.

Ohun kejì tí ẹ kò mẹ́nu bà ni àwòrán flat, ìyẹn àwòrán ojú funfun lásán tí a fi ń tún àìdọ́gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́ńsì ṣe. Ìmọ́lẹ̀ kì í tàn dọ́gba láti àárín lẹ́ńsì dé igun rẹ̀, ní f/2.8 àwọn igun a máa ṣókùnkùn gan-an. Nígbà tí ẹ bá ń fa ìmọ́lẹ̀ tí kò pọ̀ sókè, ẹ ó fa òkùnkùn igun wọ̀nyẹn àti àpá eruku pẹ̀lú rẹ̀, ẹ kò sì ní mọ èyí tí ó jẹ́ ti ọ̀run nínú wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, láìyí ojú lẹ́ńsì padà rárá, ẹ na aṣọ funfun kan tí ó mọ́ bo ẹnu rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ kọ òfúrufú, kí ẹ ya 30. Siril yóò fi wọ́n pín àwòrán yín. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó lo ètò kọ̀ǹpútà GraXpert láti mú ìmọ́lẹ̀ tí ń ti ìhà ìlú wá kúrò. Bí ẹ bá lò ó láìsí flat, yóò gé apá M33 mọ́ ọn.

Mo ń ronú nípa òru yín níbẹ̀. Láti oṣù Èbìbí títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ògún, òkùnkùn gidi kì í ṣú níbi tí mo wà. Oòrùn kì í sọ̀ kalẹ̀ tó. Ẹ̀yin ń rí òkùnkùn gidi fún nǹkan bí wákàtí 9 sí 10 lóru yípo ọdún, bí òjò bá gbà.

Ọmọ Ṣakí ní Texas

Ẹ kú àpérò. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un tí n kò rí nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì, ìyẹn ooru.

Kámẹ́rà máa ń ka ooru ara rẹ̀ bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ ni. Bí ooru bá fi nǹkan bí dígírì 6 Celsius gòkè, kíkà èké yìí a di ìlọ́po méjì. Ẹni tí ń ya àwòrán ní Northumberland nígbà òtútù ní dígírì 2, àti ẹni tí ń yà á ní Ìṣẹ́yìn ní dígírì 25, kì í ṣe iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: ti Ìṣẹ́yìn ju ti èkejì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 14. Mo mọ ìyà yìí nítorí pé ooru ibí kì í ṣe kékeré. Níkẹyìn, mo ra kámẹ́rà tí ó ní ẹ̀rọ amútutù nínú, tí ń mú ojú rẹ̀ tutù tó dígírì 35 sí ìsàlẹ̀ afẹ́fẹ́ ìta, ìyàtọ̀ náà sì hàn láti alẹ́ àkọ́kọ́. Bí àbúrò mi bá fẹ́ ná owó náà dandan, èyí ni n óò sọ pé kí ó fi rà, kì í ṣe awò.

Olùkọ́ Físíìsì, Ògbómọ̀ṣọ́

Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ ooru, ẹ ṣeun tí ẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ kámẹ́rà amútutù fún un ní báyìí. Ó nílò iná 12 volt ní gbogbo òru àti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí yóò máa darí rẹ̀, nínú oko tí kò sí iná mànàmáná. Ẹni tí kò tíì ní bátìrì ńlá ti ra ẹrù tí kò lè gbé. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ya àwòrán dark: kí ó dé ojú lẹ́ńsì pa ní òru kan náà, nínú ooru kan náà, pẹ̀lú ISO àti àkókò kan náà, kí ó ya 30. Yóò mú àwọn píksẹ́lì tí ń tàn lásán kúrò. Kò lè mú iyanrìn tí ooru fà kúrò tán, mo gbà; àpapọ̀ wákàtí ni yóò bá a wí. Kí ó sì máa sún ojú kámẹ́rà díẹ̀ lẹ́yìn àwòrán mẹ́wàá mẹ́wàá, kí àbùkù kan náà má baà bọ́ sórí ibì kan náà lójú ọ̀run.

Ní ti Polaris: gíga rẹ̀ sókè ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú iye dígírì tí ìlú ẹni fi wà ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ní Northumberland, ó ga tó dígírì 55. Ní Ìṣẹ́yìn àti lọ́dọ̀ mi níbí, dígírì 8 ni, nínú ìkùukùu, eruku àti èéfín oko sísun. Kódà bí ẹ bá rí i, afẹ́fẹ́ ti tẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án dígírì kan, èyí tí ó tó láti fa ìràwọ̀ gùn ní píksẹ́lì 2 nínú ìṣẹ́jú 5 pẹ̀lú lẹ́ńsì yín. Ìyẹn kéré. Kọ́ńpáàsì fóònù ni ó ba iṣẹ́ yín jẹ́: bí ó bá fi dígírì 2 péré ṣì, nígbà tí M33 bá wà lókè, ìràwọ̀ lè fà tó píksẹ́lì 35 nínú ìṣẹ́jú 5. Hóró ìrẹsì yín nìyẹn.

Ẹ fi kọ́ńpáàsì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ìràwọ̀ parí rẹ̀. Ẹ wá ìràwọ̀ kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí yín gan-an, kí ó wà lórí ìlà tí ó la ojú ọ̀run láti àríwá sí gúúsù, ẹ sọ ọ́ di ńlá lójú kámẹ́rà, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ̀ lé e fún ìṣẹ́jú 5. Bí ó bá ń yọ̀ lọ sí gúúsù, ojú ẹ̀rọ yín ti ṣí sí ìlà-oòrùn jù. Bí ó bá ń lọ sí àríwá, ó ti ṣí sí ìwọ̀-oòrùn jù. Ẹ tún un ṣe títí kò fi ní yọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìràwọ̀ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè ní ìlà-oòrùn. Bí òun bá yọ̀ sí gúúsù, ojú ẹ̀rọ ti rẹlẹ̀ jù. Bí ó bá yọ̀ sí àríwá, ó ti ga jù. Ní ìgbà àkọ́kọ́, yóò gbà yín ní wákàtí kan. Nígbà tí ó bá di ìgbà karùn-ún, ìṣẹ́jú 20 ni. Bí ẹ bá rí kọ̀ǹpútà alágbèéká gbé lọ, ètò ọ̀fẹ́ N.I.N.A. ní irinṣẹ́ àfikún kan tí ń ya ibi mẹ́ta lójú ọ̀run, tí ó sì ń fi wọ́n ṣírò àṣìṣe náà láìwo Polaris rárá.

Ẹ tètè ṣe é. Ní àárín oṣù Bélú, M33 máa ń dé góńgó ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́, dígírì 67 sókè níwájú ẹni tí ó bá kọjú sí àríwá. Bí ọyẹ́ bá dé pẹ̀lú eruku aṣálẹ̀, ẹ lè máà rí ojú ọ̀run tí ó mọ́ mọ́ títí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀.

Awòràwọ̀ Ìṣẹ́yìn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. N kò ra awò.

Alẹ́ mẹ́rin ni mo lò, gbogbo wọn ní ìgbà tí òṣùpá kò sí. Alẹ́ àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán lórí títo ẹ̀rọ sí àríwá. Mo rí i pé mo ti ń fi ojú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn jù ní gbogbo ìgbà, nítorí pé ìràwọ̀ òkè orí kò yé yọ̀ sí gúúsù. Ní alẹ́ kejì, ìrì sẹ̀ sí ojú lẹ́ńsì láìjẹ́ pé mo mọ̀, àwòrán 90 ni mo sì sọ nù. Láti ìgbà náà, mo ń wé bẹ́líìtì amóoru kékeré kan mọ́ ọn, èyí tí páwà báǹkì ń gbé. Ìṣẹ́jú àáyá 75 ni mo fi sí ẹyọ kan, ISO 800. Nínú 510 tí mo yà, 420 ni mo tò jọ, ó sì jẹ́ wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 45.

Mo fi flat sí i, mo fi dark sí i, mo sì rọra fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè nínú Siril ní òru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn. Apá rẹ̀ méjèèjì yọ. Wọ́n yọ láti àárín, wọ́n lọ́, wọ́n sì tẹ̀ síta títí wọ́n fi parẹ́ mọ́ òkùnkùn. Ní ìpẹ̀kun ọ̀kan nínú wọn, tótó pupa kan wà tí mo kọ́kọ́ rò pé àbùkù kámẹ́rà ni. Mo yẹ ẹyọ àwòrán wò káàkiri, ó ń bá M33 lọ ní ibikíbi tí mo bá sún kámẹ́rà sí. Mo wá a nínú Stellarium, ètò tí ń ṣàfihàn máàpù ojú ọ̀run, mo sì rí i pé NGC 604 ni, ìkùukùu gáàsì tí ìràwọ̀ tuntun ti ń bí, èyí tí William Herschel kọ sílẹ̀ ní 1784. Ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi nǹkan bí 1,500 ọdún rìn láti ìpẹ̀kun rẹ̀ kan dé èkejì, lẹ́ńsì mi sì rí i láti oko iṣu. Mo jí àbúrò mi kí ó wá wò ó.

Ohun kan kù. Igun òsì nísàlẹ̀ ṣì pọ́n díẹ̀. Ṣé kí n tún flat yà ni?

Aláwòrán Òru, Northumberland

Ẹ kú oríire, àbúrò mi! Mo ṣí àwòrán náà lórí kọ̀ǹpútà ńlá, mo sì wò ó pẹ́. Flat yín dára. Bí kò bá dára, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ìbá yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ìlú ni igun yẹn, ẹ lo GraXpert báyìí, ẹ fi àwọn àmì rẹ̀ sí ojú ọ̀run òfìfo nìkan, kí ọ̀kankan má bọ́ sórí apá M33.

Ẹ jọ̀wọ́, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. NGC 5128 wà, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Centaurus A, èyí tí James Dunlop rí láti ilẹ̀ Ọsirélíà ní 1826. Ìlà eruku dúdú kan la àárín rẹ̀ já, ó sì mọ́lẹ̀ ju M33 lọ níbi àárín, kò ní fún yín ní wàhálà tó báyìí. Níbi tí mo wà, kì í yọ sókè ilẹ̀ láéláé. Ní Ìṣẹ́yìn, yóò gòkè tó dígírì 39 ní ìhà gúúsù, ní òru jíjìn oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú ọ̀run. Mo ń fẹ́ rí i láti ọwọ́ ẹni wa.

Awòràwọ̀ Ìṣẹ́yìn

Mo ti lọ wo ìhà gúúsù oko náà lónìí. Igi òrí méjì ló wà níbẹ̀, wọn kò ga tó dígírì 15. N ó yà á.